Ìkíni Ojú Omi

"Gbé omi sẹ́nu kí n rí i," Akíngbadé wí.

Ṣẹ̀gilọlá bu omi nínú kèrègbè, ó gbé e sẹ́nu, ó sì gbójú sókè sí ọkọ rẹ̀ bí ọmọ ilé-ìwé tí tíṣà fẹ́ yẹ èékánná rẹ̀ wò. Akíngbadé gbé àtùpà sókè. Ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó wo tòsì.

"Ó ti pọ̀ jù. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ wú bíi ti ẹni tó ki iṣu gbígbóná bọnu. Bí Etí bá rí i báyìí, yóò mọ̀. Gbé díẹ̀ mì."

Ṣẹ̀gilọlá gbé díẹ̀ mì. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó sì tu ìyókù sínú òkun.

"Bàbá Morádékẹ́, ẹ̀ ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ lọ jalè. Ṣebí ẹnu tèmi náà ni?"

"Torí pé ẹnu tìrẹ ni mo ṣe ń wò ó."

Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ní gbogbo Òkè-Erin, kò sí ẹni tí kò mọ ẹnu Ṣẹ̀gilọlá. Wọ́n ní bó bá wọlé tí kò bá ẹnì kankan, ìkòkò ni yóò kí. Ọkọ rẹ̀ ní tirẹ̀, àfi kéèyàn fi ọ̀kọ̀ yọ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Aládùúgbò lè bá a gbé fún ọ̀sẹ̀ kan kó má gbọ́ ju "ẹ káàárọ̀" àti "ó dàárọ̀" lọ. Ìdí nìyí tí gbogbo ẹbí fi ń gbàdúrà fún ìyàwó kí wọ́n tó gbéra, tí ẹnikẹ́ni kò sì rántí gbàdúrà fún ọkọ.

Oòrùn ti wọ̀. Ìgbòkun ọkọ̀ wọn kékeré gba atẹ́gùn dáadáa, Òkè-Erin sì ti di òjìji lẹ́yìn wọn. Nígbà ayé àwọn ìyá ńlá, òkè ni òun àti Òkè-Ọ̀pẹ, ibi tí wọ́n ń lọ. Omi ló dé tó sọ wọ́n di erékùṣù. Ìlú tó wà láàárín wọn nígbà náà, pẹ̀lú ilé rẹ̀, afárá rẹ̀ àti gbogbo wáyà bàbà tó wà nínú ògiri rẹ̀, ti wà nísàlẹ̀ omi báyìí. Ìsàlẹ̀ náà sì ni wọ́n ń pè é. Àwọn Olómi ló ni ín, àwọn náà ló ni ojú omi. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ọkọ̀ ńláńlá wọn tí kò ní awakọ̀ ni yóò máa kọjá, bí wọ́n bá sì bá ìgbòkun lọ́nà, wọ́n á gun orí rẹ̀ kọjá ni. Òru nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹni tí kò ní nǹkan kan.

Lára ọ̀pó ìgbòkun ni Etí wà, dúdú, kò tóbi ju ọṣẹ ìfọṣọ lọ, ó ní iná aláwọ̀ ewé kékeré kan àti ojú kan tó ń wo ẹnu èèyàn. Ọkọ̀ tí kò bá ní in, rírì ni wọn yóò rì í. Ẹni tó bá sì fi aṣọ bo ẹnu rẹ̀ nínú ọkọ̀ ti rú òfin, torí wọ́n ní ẹni tó bá bo ẹnu ní nǹkan tó ń fi pamọ́. Omi nìkan ni òfin kò tíì rí.

"Pàtẹ́wọ́ kan?" Akíngbadé bi í.

"Kí n fa okùn."

"Méjì?"

"Kí n dẹ̀ ẹ́."

"Mẹ́ta?"

"Mo wà níbí." Ṣẹ̀gilọlá gbọn aṣọ ìlékè rẹ̀. "Ẹ ti bi mí títí ó sú mi. Ohun tí ẹ ò bi mí ni bóyá mo rántí òrí."

"Ṣé o rántí òrí?"

"Mo rántí òrí, mo rántí ọṣẹ dúdú, mo rántí kànhìnkànhìn." Ó gbọ́wọ́ lé àpò tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. "Morádékẹ́ lè ti bí báyìí o. Ọkọ rẹ̀, ọmọdé bíi tirẹ̀, tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ ọjọ́ kan. Ta ni yóò bá wọn wẹ ọmọ náà bí kì í bá ṣe èmi? Èèyàn á bí ọmọ, kí ìyá rẹ̀ má wà níbẹ̀ láti na ọmọ náà lọ́wọ́, nà án lẹ́sẹ̀? Kí orí rẹ̀ wá rí gbágungbàgun?"

Akíngbadé rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ le.

"Bí ó bá jẹ́ ohùn Ìyá Fọlá ńkọ́?"

Ṣẹ̀gilọlá bojú wẹ̀yìn síhà Òkè-Erin. Ìyá Fọlá ni aládùúgbò rẹ̀. Ògiri kan ló wà láàárín wọn. Tẹ́lẹ̀, orúkọ ni àwọn ọ̀pá oníná búlúù tí àwọn Olómi mú léfòó sójú omi máa ń pè. Wọ́n á pe Ṣẹ̀gilọlá, wọ́n á pe Akíngbadé, ẹni tó bá sì jẹ́, Etí, tí kì í jí àfi nítòsí wọn, gbọ́, ó ti fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ nìyẹn: ọdún méje ní Ìsàlẹ̀, kó máa rì, kó máa fa wáyà yọ nínú ògiri ilé àwọn baba rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni wọn kò kọ́ láti kékeré pé a kì í jẹ́ ìpè òru? Àwọn Olómi pe orúkọ títí, ẹnikẹ́ni kò jẹ́. Ìgbà tó yá ni wọ́n gbọ́n. Ọlọ́run nìkan ló mọ ọmọ ilẹ̀ yìí tó lọ bá wọn wí pé ẹ má pè wọ́n mọ́, ẹ máa kí wọn. Ìyá Fọlá ń bọ̀ láti ọjà, ohùn kan ní, "Ẹ kú ojú omi o, Mà," ó ní, "Ooo, ẹ ṣé o," kó tó mọ ohun tó ṣe. Láti ọjọ́ náà ni àwọn èèyàn ti ń pe ọ̀pá wọ̀nyẹn ní Akíni. Ohùn ẹni tí wọ́n bá sì ti mú, ti wọn ni. Wọ́n lè máa fi kí ẹlòmíràn.

"Bí ó bá jẹ́ Ìyá Fọlá," Ṣẹ̀gilọlá wí níkẹyìn, "n ó sunkún. Wọn kò tíì sọ pé ẹkún jẹ́ ìdáhùn."

Akíngbadé na ọwọ́ síwájú. Iná búlúù kékeré kan ń ta lójú omi lókèèrè, ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀ pẹ̀lú ìgbì. Ó bu omi sẹ́nu, ìyàwó rẹ̀ náà bu tirẹ̀.

Akíni àkọ́kọ́ kò ṣòro. Ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni, ó dùn, ó ní ọ̀wọ̀. "Ẹ kú ojú omi o! Ẹ kú ìtukọ̀ o!" Ó ya Ṣẹ̀gilọlá lẹ́nu bí ìdáhùn ṣe sún mọ́ etí ẹnu tó. Bí wọ́n bá bi èèyàn ní ìbéèrè, yóò ronú kó tó fèsì. Ìkíni kì í dúró de ìrònú. Ìyá rẹ̀ ti fi ìgbátí kọ́ ọ nígbà tó wà lọ́mọdé pé ẹni tí wọ́n kí tí kò dáhùn, kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Gbogbo ìgbátí wọ̀nyẹn ló ń tì í lẹ́yìn báyìí pé kó la ẹnu. Ó di eyín mọ́ra. Ọkọ̀ kọjá.

Ní ìdí ọkọ̀, Akíngbadé pàtẹ́wọ́ kan. Ṣẹ̀gilọlá fa okùn.

Bí wọ́n ṣe ń lọ náà nìyẹn. Bí wọ́n bá jìnnà sí iná kan, wọ́n á tu omi tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n á mí, wọ́n á bu òmíràn. Ìyá Fọlá dé lóòótọ́, láàárín agbami, níbi tí òkùnkùn ti pọ̀ jù.

"Ìyá Morádékẹ́! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé àlàáfíà ni? Ilé ńkọ́?"

Ohùn rẹ̀ gan-an ni, pẹ̀lú ikọ́ kékeré tó máa ń wà níparí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣẹ̀gilọlá bu ahọ́n jẹ nínú omi, ó tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò. Omijé ń ṣàn lójú rẹ̀, ó sì ń bínú sí i, torí bí imú bá dí, ẹnu ni èèyàn fi ń mí. Ìbẹ̀rù mú un pé òun máa sín. Ó gbọ́ pàtẹ́wọ́ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, jẹ́jẹ́: mo wà níbí. Òun náà pa mẹ́ta. Iná búlúù náà wọ òkùnkùn lọ, Ìyá Fọlá sì ń bi wọ́n léèrè ilé títí etí wọn kò fi gbọ́ ọ mọ́.

Lẹ́yìn èyí ni ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Èyí tó bà á lẹ́rù jù ti kọjá. Àtùpà èbúté Òkè-Ọ̀pẹ ti ń hàn bí irúgbìn àgbàdo tí wọ́n tò sílẹ̀, Akíni kan ṣoṣo ló kù. Ó wẹ̀yìn wo ọkọ rẹ̀. Akíngbadé di àjẹ̀ ìdarí mú, ó jókòó ṣinṣin bó ti máa ń jókòó, ó sì mi orí sí i pé ó ṣe dáadáa. Inú Ṣẹ̀gilọlá dùn bí ti ọmọdé. Ó ti ń ro bí yóò ṣe fi ṣẹ̀fẹ̀: gbogbo àdúrà yẹn lórí ẹnu mi, ẹ ò rí i?

Ìgbà náà ni Akíni tó kẹ́yìn sọ̀rọ̀.

"Bàbá mi, ẹ kú ewu ọmọ o!"

Ohùn Morádékẹ́ ni.

"Mo ti bí o, Bàbá! Ọkùnrin ni. Orí yín gan-an ló gbé wáyé, kò tilẹ̀ fẹ́ pariwo, wíwò ló ń wò wá. Ẹ kú ewu o, Bàbá mi!"

Kì í ṣe ayọ̀ ló kọ́kọ́ dé ọkàn Ṣẹ̀gilọlá. Ohun tó rò ni pé ohùn ẹni tí wọ́n ti mú nìkan ni Akíni ń ní. Bí ó bá ní ti Morádékẹ́, wọ́n ti mú Morádékẹ́ nìyẹn. Ó fẹ́ yíjú sí ọkọ rẹ̀ kó na ìka sí i, kó pàtẹ́wọ́, kó ṣe ohunkóhun. Kó tó yíjú tán, ó gbọ́ tí omi dà ṣàà sílẹ̀ ní ìdí ọkọ̀.

"Háà! Ọlọ́run ṣeun o!" Akíngbadé kígbe. "A kú ewu o, ọmọ mi! A jọ kú ewu!"

Láàárín oṣù kan, ohùn rẹ̀ kò tíì ròkè tó bẹ́ẹ̀.

Iná ara Etí ṣẹ́jú, ó sì pọ́n. Akíngbadé fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu rẹ̀. Ẹyin lohùn, bó bá ti bọ́, kò ṣeé kó mọ́. Ó bojú wo ìyàwó rẹ̀ lórí ọwọ́ náà, ojú rẹ̀ là kalẹ̀, omi ayọ̀ ṣì wà nínú rẹ̀, kò tíì ráyè di omi mìíràn.

Wọn kò pẹ́ dé. Ọkọ̀ náà gùn, kò ní ìgbòkun, kò dún. Ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan ló wà nínú rẹ̀, wọ́n wọ aṣọ funfun, ọjọ́ orí wọn kò lè ju ti Morádékẹ́ lọ. Ọmọbìnrin náà tilẹ̀ yíkàá díẹ̀.

"Ẹ kú ojú omi o, Bàbá. Ẹ sì kú ewu ọmọ. A gbọ́ yín."

"Ọmọ mi ńkọ́?" Akíngbadé bi wọ́n. "Ṣé ọ̀dọ̀ yín ló wà?"

"A ò mọ ìyẹn, Bàbá," ọmọkùnrin náà dáhùn. "Iṣẹ́ tiwa kò kan ohùn. Ká wá gbé èèyàn la mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra fẹsẹ̀ lé ibi tó gbẹ. Ẹ má wulẹ̀ mú ẹrù. Ìsàlẹ̀ ní aṣọ tirẹ̀."

Wọ́n dì í lápá mú bí ọmọ rere ṣe ń di baba rẹ̀ mú tó bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Lẹ́yìn náà ni ọmọbìnrin náà yíjú sí Ṣẹ̀gilọlá.

"Ẹ kú ìrọ́jú o, Mà. Ṣé kò sí nǹkan tí ẹ̀yin náà fẹ́ sọ?"

Ohun tí Ṣẹ̀gilọlá fẹ́ sọ pọ̀. Ó fẹ́ bẹ̀ wọ́n. Ó fẹ́ ṣépè fún wọn, fún ìyá tó bí wọn àti ẹni tó rán wọn. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ó fẹ́ sọ pé òun náà ń bọ̀. Gbólóhùn kan péré, òun àti ọkọ òun yóò jọ wà lọ́nà kan náà. Ẹni tí àwọn ti jọ ń sùn láti ìgbà tí òun ti jẹ́ ọmọge, báwo ni òun yóò ṣe jókòó kí wọ́n máa gbé e lọ? Ọ̀rọ̀ náà ti dé ahọ́n rẹ̀, ó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi. Ṣùgbọ́n ọmọ kan wà ní Òkè-Ọ̀pẹ. Bí wọ́n bá ti mú ìyá rẹ̀, tí wọ́n mú bàbá ìyá rẹ̀, ta ló gbé e? Ta ni yóò na án lọ́wọ́, nà án lẹ́sẹ̀?

Etí ń wò ó. Ọmọbìnrin náà ń dúró, ó ní sùúrù, ó rẹ́rìn-ín sí i.

Ṣẹ̀gilọlá mi orí pé kò sí.

"Ó dáa, Mà. Ẹ gúnlẹ̀ láyọ̀ o."

Ọkọ̀ gígùn náà yí padà sínú òkùnkùn. Nígbà tí kò rí i mọ́, ó gbọ́ pàtẹ́wọ́ mẹ́ta. Ó pa mẹ́ta. Ó tún gbọ́ mẹ́ta, ó jìnnà díẹ̀ sí i. Ó ń pa tirẹ̀ títí àtẹ́lẹwọ́ fi ń ta á, lẹ́yìn ìgbà tí òdìkejì ti dákẹ́ tipẹ́.

Bó ṣe dá ọkọ̀ náà tù dé èbúté, òun fúnra rẹ̀ kò lè ròyìn rẹ̀. Ó so àjẹ̀ ìdarí mọ́ ìjókòó, ó fa okùn, ó dẹ̀ ẹ́, kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́ fún un. Kò sí Akíni mọ́ níwájú, síbẹ̀ kò tu omi ẹnu rẹ̀. Ẹ̀rù ohunkóhun tó bá lè jáde níbẹ̀ ń bà á.

Ilẹ̀ ń mọ́ nígbà tí ọkọ̀ fi imú gbá igi èbúté. Ẹnì kan ń sáré bọ̀, ó fọwọ́ di ìró mú.

"Ẹ káàbọ̀, Mà! Ẹ kú ewu ọ̀nà!"

Morádékẹ́ kúnlẹ̀ lórí pákó tútù. Ṣẹ̀gilọlá kò dáhùn. Ó jáde nínú ọkọ̀, ó dì í mú léjìká, ó fọwọ́ kan ojú rẹ̀, ó fọwọ́ kan ikùn rẹ̀ tó ti lọ sílẹ̀. Akíni kò ní èjìká. Akíni kò ní ikùn. Àyà aṣọ Morádékẹ́ sì tutù fún wàrà. Wọn kò mú un. Ọmọ rẹ̀ ló dúró yìí, lódindi. Ayọ̀ náà pọ̀ débi pé ó tún fọwọ́ kan ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Ìyá ọkọ mi ló gbé ọmọ dání nílé," Morádékẹ́ ń sọ láìmí. "Wọ́n ní kí n má jáde, mo yọ́ jáde ni. Bàbá dà? Ṣé wọ́n gbọ́ mi? Mo ránṣẹ́ sí wọn!"

Ó na ọwọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Àgọ́ funfun kan wà lẹ́bàá èbúté, ọ̀dà rẹ̀ kò tíì gbẹ. Wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé: Ẹ KÍ ÈÈYÀN YÍN LÓJÚ OMI. Ọ̀FẸ́ NI. Èèyàn bíi mẹ́wàá ti tò síwájú rẹ̀ láàárọ̀ náà, àwọn ìyá, àwọn ìyàwó ilé, bàbá arúgbó kan pẹ̀lú ọ̀pá.

"Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i ni. Wọ́n ní ìkíni ẹbí ni, kò kan òfin. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ fẹ́ kí, Mà, mo wá rántí ẹnu yín." Ó rẹ́rìn-ín. "Mo ní ẹ̀yin ó dáhùn ni dandan. Ni mo bá kí Bàbá. Ta ló ti gbọ́ kí Bàbá fèsì rí?"

Omi tó wà lẹ́nu Ṣẹ̀gilọlá wúwo bí òkúta. Ó wo wàrà tó wà láyà ọmọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí lè gbẹ ẹ́ kó tó di ọ̀sán. Ó pinnu lójú ẹsẹ̀ pé ọmọ yìí kò ní gbọ́, kì í ṣe lónìí, bóyá kì í ṣe láéláé. Òun yóò ní bàbá rẹ̀ kò wá, òun yóò wá irọ́ tó dára, òun tí ẹnu òun kì í ṣe aláìní ọ̀rọ̀. Ó kan mi orí pé rárá.

"Wọn kò bá yín wá?" Ojú Morádékẹ́ rẹ̀wẹ̀sì. Lẹ́yìn náà ó tún tàn. "Á jẹ́ pé wọn kò gbọ́ mi nìyẹn. Bóyá wọ́n á wọkọ̀ lálẹ́ òní. Ẹ dúró, Mà, ẹ jẹ́ n tún kí wọn."

Ó ti yí padà. Àwọn tó wà lórí ìlà rí ikùn rẹ̀ àti aṣọ tútù náà, wọ́n sì yà fún un pẹ̀lú ọ̀yàyà. "Ìyá ìkókó, ẹ máa bọ̀ níwájú o. Ẹ kú ewu." Ìyàwó kan tó ti dé ojú àgọ́ náà, tó ti la ẹnu láti kí ọkọ tirẹ̀, sún sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ṣẹ̀gilọlá gbé omi náà mì. Ó sáré, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú.

"Ó gbọ́," ó wí. Ohùn rẹ̀ há, ó sì ròkè, gbogbo ìlà náà gbọ́ ọ. "Ó gbọ́ ọ, Morádékẹ́. Ó dá ọ lóhùn."

Ẹ̀rín kọ́kọ́ yọ lójú Morádékẹ́. Lẹ́yìn náà ó wo ọkọ̀, ó wo ibi tí bàbá rẹ̀ máa ń jókòó, ó sì rọra kúnlẹ̀ síbi tó wà. Ìyàwó tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pa ẹnu dé.

Nínú àgọ́ náà, ohùn kan tó dára sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ẹ káàárọ̀ o. Ta ni ẹ fẹ́ kí?"

Kò sí ẹni tó dáhùn.